Òkè Adó Tàbí Omi Ìkéré? Ìgbafẹ́ Tí Ń Pani Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ọkàn mi láti ìjẹta, mo sì rí i pé bí n kò bá sọ ọ́ jáde, yóò di ìkùnsínú. Ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ni. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí àwùjọ kan kà sí iyì, kí ó wo ibi tí wọ́n ń lọ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó pè mí lórí fóònù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti tọ́jú owó fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ní erékùṣù kan ní Kàríbíà. Ó ní ọkọ̀ ojú omi méjì ni ó wà níwájú àwọn, owó ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì wà lọ́wọ́. Èkíní ń gbéra ní òwúrọ̀. Ọkọ̀ oníkùn méjì tí wọ́n ń pè ní catamaran ni. Yóò gbé wọn lọ sí ibi tí omi ti mọ́ gaara, wọn yóò fi awò bo ojú, wọn yóò ki ọ̀pá rọ́bà bọ ẹnu láti máa mí, wọn yóò sì da ojú bo inú òkun láti máa wo ẹja àti iyùn. Èkejì ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́. Wọn yóò jókòó, wọn yóò gbé ife dání, orin yóò máa dún, wọn yóò sì máa wo oòrùn bí ó ti ń wọ̀.

"Bàbá," ni ó wí, "èwo ni kí a mú?" Kí n tó dáhùn, ó ti fi òmíràn lé e: "Bí a bá sì dé sílé ní oṣù Kejìlá, ọjọ́ kan péré ni a ní ní Ìsẹ́yìn. Ṣé òkè Adó ni kí a gùn ni, tàbí kí a lọ gba atẹ́gùn lórí omi Ìkéré?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan náà ni ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mọ̀.

Ìdáhùn mi nìyí, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ ọ: ẹ mú èyí tí yóò fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ní Òkè-Ògùn, òkè Adó ni. Ní Kàríbíà, ọkọ̀ òwúrọ̀ ni. Ìgbafẹ́ tí ènìyàn kàn jókòó sí, tí orin bo gbogbo ohùn mọ́lẹ̀, tí ó sì padà sílé láìní ọ̀rọ̀ tuntun kan ṣoṣo, àdánù ni, bí ó ti wù kí àwòrán tí ó yà níbẹ̀ dára tó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò bínú sí mi. Ẹ fara balẹ̀ ná, kí n ro ẹjọ́ mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ agbègbè wa, Òkè-Ògùn wà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni: koríko gíga, igi òrí, igi irú, àti àwọn àpáta ńláńlá tí ó dá dúró láàrin pápá bí ẹni pé ẹnìkan gbé wọn sílẹ̀ tí kò padà wá gbé wọn mọ́. Ẹ kíyè sí àmì ohùn orúkọ náà. Kì í ṣe Ògún, òrìṣà irin. Kì í sì í ṣe ogun tí a ń jà. Ògùn ni, odò tí ó ti ìtòsí Ṣakí ṣàn wá, tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, tí ó sì wọ inú ọ̀sà ní Èkó. Àwa ni a wà ní òkè odò náà. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́ Òkè-Ògùn. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ yìí láìfi àmì sí i ti da odò, òrìṣà, ogun àti ogún pọ̀ sínú ìkòkò kan.

Lórí odò yìí kan náà ni ìsédò Ìkéré wà, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, adágún ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà. Omi mímu, omi oko àti iná mànàmáná ni wọ́n torí rẹ̀ sé odò náà. Ọ̀rọ̀ iná yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ibẹ̀ lẹ́wà, n kò sẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, oòrùn a pọ́n bí epo, omi a sì pọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kò wu òun, irọ́ ni ó ń pa.

Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ ṣìnà níbẹ̀. Olùkọ́ èdè ni mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá lọ sí Ìkéré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Mo bẹ àwọn apẹja ní ọkọ̀ méjì, mo sì ní kí àwọn ọmọ gbé ẹ̀rọ orin ńlá kan dání, kí ara wọn lè yá. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀bi mi ni. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Orin ń dún kíkankíkan. Atukọ̀ wa, àgbàlagbà tí ó ti pẹ́ lórí omi, ń la ẹnu, ó ń nawọ́ sí ìhín, ó ń nawọ́ sí ọ̀hún, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Nígbà tí ó yá, ó dákẹ́. Oòrùn wọ̀, a ya àwòrán, a padà sílé.

Ní ọjọ́ Ajé mo ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ìrìn àjò náà. Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá kọ ohun kan náà: a gbádùn ara wa gan-an, omi náà dára, oòrùn náà dára. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé àjẹ̀ ni à ń pe igi pẹlẹbẹ tí atukọ̀ fi ń wa ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọ̀n àti ìgèrè wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn nínú ọkọ̀. Ọ̀kan kọ "ẹ̀gbẹ́ omi" nítorí pé kò mọ bèbè. Òmíràn kò mọ ìyàtọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí àṣálẹ́, lẹ́yìn tí ó ti jókòó wo bí ọ̀kan ti ń di èkejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ilé omi wà pẹ̀lú wa fún odidi wákàtí méjì, èmi tí mo ń pe ara mi ní olùkọ́ ni mo fi orin dí i lẹ́nu.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo kó àwọn mìíràn lọ sí Adó-Àwáyè. Ìlú yìí náà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Ìdájí ni a kúrò nílé, kí oòrùn má bàa ká wa mọ́ orí àpáta. Mo fi ẹ̀rọ orin sílẹ̀. Mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú náà kan kí ó mú wa gòkè, mo sì pa àṣẹ kan ṣoṣo: Yorùbá ni a ó fi ka àtẹ̀gùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ̀ pé àtẹ̀gùn òkè Adó kò kéré. Iye tí a máa ń gbọ́ ni 369, èyíinì ni ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kàndínláàádọ́rin. Ẹ dán an wò kí ẹ fi Yorùbá kà á, pẹ̀lú èémí tí ó ń já. Bí wọ́n ti ń dé márùndínlógójì ni àwọn kan ti ń kọsẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń kọsẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀. Nígbà tí a dé àádọ́ta, àwọn mẹ́ta ti ń jà pé ọ̀kan ti fo àtẹ̀gùn méjì. Ọmọkùnrin tí ó ń mú wa lọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń tún ìṣirò ṣe fún wọn, ó sì ń kọ́ wọn bí a ti ń gun àpáta: "Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ibí yìí ń yọ̀." Kí a tó dé òkè, wọ́n ti mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n ti mọ pàlàpálá àpáta, wọ́n ti mọ ọ̀gbun. Ìwé kọ́ ni ó kọ́ wọn. Ẹ̀rù àti òógùn ni.

Lórí òkè náà, kò sí ohun kan tí kò ní orúkọ. Ìṣàgé wà níbẹ̀, òkúta tí ó dúró lé orí òkúta bí ẹni pé yóò ṣubú lónìí, tí kò sì ṣubú. Ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run wà níbẹ̀. Orúkọ náà nìkan tó láti jókòó jíròrò lé lórí. Lẹ́yìn náà ni a dé ọ̀dọ̀ Ìyákẹ̀, adágún tí òkè pọ̀n sẹ́yìn bí ìyá ti ń pọn ọmọ. Wọ́n ní kò ní ìsàlẹ̀. A kò wọ inú rẹ̀. A dúró, a wò ó, a sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ọmọ ìlú. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yọ fóònù síta. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde: kí ni ó dé tí omi yìí kò ṣàn wálẹ̀? Ta ni ó sọ ọ́ ní orúkọ? Kí ni àwọn baba wa ń ṣe lókè yìí?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni ó wù mí jù. Nígbà ogun, òkè ni ilé ààbò. Olúmọ ṣe é fún àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta. Ní Ṣakí, àwọn ọmọ ìlú kì í gbàgbé òkè Asábàrí nínú oríkì wọn. Ẹni tí ó bá gun òkè Adó tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ yóò mọ̀ lára òun fúnra rẹ̀ ìdí tí ọ̀tá kò fi lè yára gòkè wá. Àròkọ ọdún yẹn kò jọra rárá. Mo kà wọ́n di òru.

Bí mo ti ń yin òkè Adó yìí, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tí ń polówó rẹ̀ wí díẹ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń sọ pé méjì péré ni irú Ìyákẹ̀ tí ó wà ní gbogbo àgbáyé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Mo bẹ̀ yín, ẹ sinmi ìyẹn. Adágún orí òkè pọ̀ káàkiri ayé, n kò sì tíì rí ẹni tí ó jókòó kà wọ́n tán. Òótọ́ ni pé adágún kan wà ní Colorado tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake, tí òfin kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti wẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyákẹ̀ kò nílò àsọdùn. Bí irú rẹ̀ bá tilẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ Ìyákẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ ní èdè wa. Èyí ni ó yẹ kí a máa fi yangàn. Ẹni tí ó gun òkè nítorí iye kan tí ó gbọ́ yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa lọ. Ẹni tí ó gùn ún nítorí ìtàn yóò tún padà wá.

Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ: "Bàbá, ìsinmi ni a ń wá, a kò wá iṣẹ́." Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kí ara nà gbalaja ni, ẹní wà nílé, kò gba owó ọkọ̀. Àárẹ̀ tí ó ń mú ẹni tí ó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá kì í ṣe àárẹ̀ ẹsẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni ó rẹ̀. Òkè a máa tán àárẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju àga lọ.

Èkejì ni ti àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, aboyún, àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, n kò sì ní fi òkè fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Kí àwọn wọ̀nyí lọ sí Ìkéré. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí wọ́n pa ẹ̀rọ orin, kí wọ́n sì bi atukọ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Omi kọ́ ni mo ń bá jà. Ariwo tí a ń gbé lọ sórí omi ni mo ń bá jà, àti àṣà kí á máa fi ẹ̀yìn kọ ẹni tí ó mọ nǹkan, kí á sì máa kọ ojú sí fóònù.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń fi òwe bá mi wí: àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ rìn, kí wọ́n rí Kàríbíà, kí n yé fi òkè abúlé dá wọn dúró. Ta ni ó ń dá wọn dúró? Kí wọ́n rìn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí á rìn jìnnà kí á lọ wo ojú ara wa. Ẹni tí ó bá dé ibi tí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ wà, tí ó kọ ẹ̀yìn sí i láti ya àwòrán ara rẹ̀, ó ti fi owó ọkọ̀ ṣòfò.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ sì ti dárúkọ Kàríbíà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan. Ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ Yorùbá dé Kàríbíà kì í ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ọ̀yọ́-Ilé kò jìnnà sí wa; ahoro rẹ̀ wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, tí ó gba ilẹ̀ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, tí ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991. Nígbà tí ìlú ńlá yẹn tú ní àwọn ọdún 1830, ogun gba gbogbo ilẹ̀ kan, wọ́n sì ta àìmọye ènìyàn sí ẹrú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Cuba, níbi tí oko ẹrú kò ti dópin títí di ọdún 1886.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ẹrù kankan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n kó dání. Títí di òní, ní Cuba, àwọn onísìn tí wọ́n ń pè ní Lukumí ṣì ń pe omi ní omi, wọ́n sì ń pe ẹja ní eyá. Yemọja, Yèyé ọmọ ẹja, tí odò Ògùn jẹ́ odò rẹ̀, di Yemayá lẹ́nu wọn. Nítorí pé òkun ni wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n fi òkun lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, lọ́dọọdún, wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ ní Regla, ní òdìkejì omi sí ìlú Havana.

Ẹ wò ó dáadáa. Odò tí ó ti ẹ̀bá Ṣakí ṣàn, tí wọ́n sé ní Ìkéré, òun ni orúkọ olówó rẹ̀ wà lórí òkun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ wo oòrùn lé lórí. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè kó ọ̀rọ̀ kọjá òkun, wọ́n fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ fi lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́. Àwa tí a wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, tí a jókòó sórí odò Ògùn gan-an, pẹ̀lú ẹni tí ó gbọ́ èdè wa níwájú wa, a kò lè kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta bọ̀ sílé. Ohun tí ó ń dùn mí nìyẹn. Òkè àti omi kò ní sá lọ. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sá lọ. Odò tí ó bá sì gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ìsinmi bá dé, ẹ má ṣe béèrè èwo ni ó rọrùn jù. Ẹ béèrè èwo ni yóò jẹ́ kí ẹ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹ jí ní ìdájí, ẹ gun òkè Adó, ẹ fi Yorùbá ka àtẹ̀gùn. Ẹ san owó tí ó tọ́ fún ọmọ ìlú tí ó bá mú yín gòkè, ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má ṣe kó sínú Ìyákẹ̀, ẹ má sì kọ orúkọ yín sára àpáta. Bí ẹ bá délé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́wàá sílẹ̀ kí ẹ tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí ó mú ọkọ̀ òwúrọ̀, kí ó ki orí bọ inú omi Yemayá, kí ó sì béèrè orúkọ ẹja tí ó bá rí lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Mo ní kí ó ra bàtà tí kì í yọ̀ fún oṣù Kejìlá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ẹ̀rọ ti já. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ tún sọ ọ́ kí n gbọ́. Kí ni ẹ ní wọ́n ń pe igi tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ yẹn?"

Mo sọ fún un. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí; ẹ fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ire o.